Hamster tó ń gé èèyàn jẹ: bí Tọ́fì ṣe dé ilé wa ní Thamesmead

Abo ni Tọ́fì, irú hamster (ẹranko kékeré tó jọ èkúté) tí wọ́n ń pè ní ti Síríà, èyí tó tóbi jù nínú àwọn tí wọ́n ń sìn nínú ilé. Ara rẹ̀ pọ́n rẹ́súrẹ́sú, abẹ́ ikùn rẹ̀ funfun. Nígbà tó dé ọwọ́ wa, dókítà ẹranko fojú bù ú pé yóò ti tó oṣù mẹ́jọ láyé. Etí ọ̀tún rẹ̀ ti ya, ọmọ ìka kan kò sì sí ní ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ òsì. Nínú ìwé tí ilé tó ń gba ẹranko sílẹ̀ kọ lé wa lọ́wọ́, níbi tó yẹ kí wọ́n ti ṣàlàyé ìwà rẹ̀, gbólóhùn kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀: ó máa ń gé èèyàn jẹ, ẹ má fún ọmọdé gbé. Ilé tí a sì ń gbé e lọ, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án méjì ló ń dúró dè é níbẹ̀.

Èmi ni Bàbá Ìbejì. Gúúsù ìlà-oòrùn London ni Thamesmead wà, iṣẹ́ ilé ìkẹ́rùsí ni mo sì ń ṣe, ṣíìfù ọ̀sán sí alẹ́. Táyé àti Kẹ́hìndé ti bẹ̀bẹ̀ fún ajá títí, ṣùgbọ́n ìwé àdéhùn ilé tí a yá kò gba ajá, kò gba ológbò. Onílé ní bó bá jẹ́ ohun tó lè gbé inú àgò, òun ò ní wí nǹkan kan. Ìyá Ìbejì ló wá ní bó bá di dandan, kí a má ra èyí tó wà ní ṣọ́ọ̀bù, kí a lọ gba nínú àwọn tí kò rílé gbé, torí pé èyí tó wà ní ṣọ́ọ̀bù yóò rí ẹni rà á lọ́jọ́kọ́jọ́. Ọ̀rọ̀ náà mọ́gbọ́n wá, mi ò jiyàn.

Ìtàn Tọ́fì kò ṣàjèjì sí àwọn tó ń gba hamster sílẹ̀. Ẹnì kan ra méjì, wọ́n sọ fún un pé abo ni méjèèjì. Akọ ni ọ̀kan. Nǹkan bí ọjọ́ 16 ni hamster Síríà fi ń lóyún, ó lè bí ọmọ mẹ́jọ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ọmọ náà kì í sì í pé oṣù méjì kí òun náà tó lè gboyún. Kí ẹni tó ni wọ́n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, àgò ti kún. Nígbà tó kó jáde, ó fi wọ́n sílẹ̀ síbẹ̀, ẹni tó wá gba kọ́kọ́rọ́ ilé ló bá wọn níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ hamster Síríà kì í gbé pọ̀ tó bá ti dàgbà. Ìjà ni ṣáá, títí ọ̀kan yóò fi kú. Ibẹ̀ ni etí Tọ́fì ti ya. Ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í ṣe ti ìjà: òwú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n ń tà pé kí hamster fi ṣe ìtẹ́ ló lọ́ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, tí ẹ̀jẹ̀ kò fi dé ìka náà mọ́, ló bá kú dànù. Òwú yìí ṣì wà lórí pẹpẹ ní ṣọ́ọ̀bù títí di òní, àwòrán hamster tínú rẹ̀ ń dùn sì wà lára ọ̀rá rẹ̀. Ó máa ń bí mi nínú tí mo bá rí i.

Àwọn ọmọ kò fẹ́ ẹyọ kan. Ẹ̀yin náà mọ ilé ìbejì: bàtà méjì, báàgì méjì, tí ẹ bá ra bisikíìtì fún ọ̀kan láìra fún èkejì, ẹ ti fọwọ́ ara yín dá wàhálà sílẹ̀. Kẹ́hìndé bi obìnrin tó ń tọ́jú àwọn ẹranko náà pé ta ni yóò máa bá a ṣeré. Obìnrin náà ní kò sẹ́ni. Táyé ní ṣé kò ní máa sunkún? Obìnrin náà ní bí wọ́n bá gbé èkejì tì í, ọ̀kan nínú wọn ni wọn yóò sin. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ wọ́n létí ju gbogbo àlàyé tí mo ti ń ṣe láti ilé lọ.

Mo ka ìtàn ibi tí wọ́n ti ṣẹ̀ wá lẹ́yìn náà, ó sì là mí lójú sí irú ohun tí a gbé wọlé. Ní 1930, onímọ̀ ẹranko kan láti Jerúsálẹ́mù, Israel Aharoni, lọ sí agbègbè Aleppo ní Síríà. Àwọn òṣìṣẹ́ gbẹ́ ilẹ̀ oko ibẹ̀ ju mítà méjì lọ kí wọ́n tó kan ìyá hamster kan àti ọmọ rẹ̀ 11. Wọ́n kó wọn sínú àpótí, ìyá náà sì gé ọ̀kan nínú ọmọ ara rẹ̀ lórí jẹ. Ìwọ̀nba ọmọ ìyá kan náà tó yè níbẹ̀ ni wọ́n mú bímọ, àwọn sì ni baba ńlá èyí tó pọ̀ jù nínú hamster Síríà tó wà nínú ilé àwọn èèyàn lónìí. Ní 1931, díẹ̀ nínú wọn dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìyẹn ni pé hamster kò tíì bá èèyàn gbé fún ọgọ́rùn-ún ọdún. Ajá ti wà lẹ́sẹ̀ wa láti ayébáyé, ó mọ ojú wa, ó mọ ìbínú wa. Ẹran ihò ni hamster, ó ń dá gbé, òru ló ń jáde, ohunkóhun tó bá sì ti òkè bà lé e, àṣá ni tàbí òwìwí. Ẹni tó bá wá ki ọwọ́ bọ inú àgò láti òkè, lọ́sàn-án gangan, nígbà tó ń sùn, kí lẹ fẹ́ kó rò?

Ohun tí wọ́n ń ṣe fún Tọ́fì níbi tó ti wá nìyẹn, gẹ́gẹ́ bí a ṣe gbọ́. Ọmọdé ló wà nílé ọ̀hún, ọ̀sán ni ọmọdé ń ṣeré.

Kí wọ́n tó fún wa, wọ́n ní ká fi fọ́tò àgò tí a fẹ́ gbé e sí ránṣẹ́. Wọ́n kò gba èyí tí kò bá tó sẹ̀ńtímítà 100 ní gígùn àti 50 ní ìbú. Ẹ wọ ṣọ́ọ̀bù, ẹ ó rí i pé ọ̀pọ̀ àgò aláràbarà tó ní ihò ike lókè nísàlẹ̀ kò tó ìdajì ìyẹn. A ra àpótí onígíláàsì kan lọ́wọ́ ẹni tó ti fi sin ẹja rí, Ìyá Ìbejì fi wáyà ṣe ìdérí rẹ̀. Bébà rírún tí a dà sínú rẹ̀ nípọn, ó ga tó apá mi láti ìka dé ìgbọ̀nwọ́ ní igun kan, torí pé hamster tí kò rílẹ̀ gbẹ́ kò ní ibi sá sí, èyí tí kò sì ní ibi sá sí ni yóò dúró jà. Kẹ̀kẹ́ tí yóò máa sá lórí rẹ̀ fẹ̀ tó sẹ̀ńtímítà 30, kò sì ní àlàfo tí ẹsẹ̀ lè kó sí. Kékeré rẹ̀ ń tẹ ẹ̀yìn wọn kọ́. A bu yanrìn sí igun kan kó lè máa yí ara rẹ̀ níbẹ̀, bó ṣe ń fọ irun rẹ̀ nìyẹn. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fi omi wẹ̀ ẹ́. Ilé pákó, ìgò omi, ó tán.

Ibi tí a gbé àgò sí ló ṣe pàtàkì jù lójú tèmi. Àwọn ọmọ fẹ́ ẹ ní yàrá wọn. Ìyá Ìbejì fẹ́ ẹ nítòsí tẹlifíṣọ̀n kí ilé lè mọ́ra. Mo ní rárá sí méjèèjì. Etí hamster ń gbọ́ ariwo tó tín-ín-rín tí etí tiwa kò lè gbọ́ rárá, tẹlifíṣọ̀n àti ṣájà fóònù lè máa pariwo sí i lórí láìjẹ́ pé a mọ̀. Kọ̀rọ̀ pálọ̀ tó kọjú sí kíṣíìnì la gbé e sí. Ibẹ̀ sì ni mo máa ń jókòó jẹun nígbà tí mo bá dé láti ibi iṣẹ́, nǹkan bí aago mọ́kànlá alẹ́.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, àṣẹ tí mo pa fún gbogbo ilé ni pé kí wọ́n fi í sílẹ̀. Oúnjẹ, omi, ó parí. Àwọn ọmọ ń jí lówùúrọ̀, wọn kò rí nǹkan kan ju òkìtì bébà. Kẹ́hìndé ní a ti gba àgò òfìfo sílé. Ṣùgbọ́n Táyé, òun ló fara balẹ̀ jù nínú àwọn méjèèjì, ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ nǹkan sínú ìwé: ibi tí oúnjẹ wà lálẹ́ àná, ibi tó wà lówùúrọ̀, ihò tuntun tó yọ. Ìwé yẹn ló gbà wá, torí ó fún wọn ní iṣẹ́ tí kò la fífọwọ́kàn lọ.

Èmi ní tèmi, mo ń bá Tọ́fì pàdé lóru. Gbogbo ilé ti sùn, èmi kò lè sùn lẹ́yìn ṣíìfù kí ara mi tó wálẹ̀, òun náà ṣẹ̀ṣẹ̀ jí ni. Lákọ̀ọ́kọ́, bí àga bá dún báyìí, yóò dúró gan-an lójú kan, etí rẹ̀ méjèèjì yóò lẹ̀ mọ́ orí. Tí mo bá sún mọ́ àgò, á dùbúlẹ̀ gbalaja, á gbé ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sókè, á ya ẹnu, á sì pariwo. Ẹni tí kò bá tíì gbọ́ igbe hamster rí kò ní gbà pé inú ohun kékeré bẹ́ẹ̀ ló ti jáde. Mi ò ní sún mọ́ ọn mọ́, mo kàn máa ń jókòó tí mo ń jẹun tí mo ń bá a sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Kí ni mo ń bá a sọ? Ọ̀rọ̀ ibi iṣẹ́ ni. Ẹni tó gbé páálí lé mi lẹ́sẹ̀, ọ̀gá tó ní kí n fi àkókò ìsinmi ṣiṣẹ́. Ìyá Ìbejì jáde wá lóru ọjọ́ kan, ó ní ta ni mò ń bá sọ̀rọ̀ lórí fóònù tí mi ò fẹ́ kí òun gbọ́.

Imú ni ojú hamster. Ojú tó wà lórí rẹ̀ kò ríran jìnnà, òórùn ló fi ń mọ ẹni tó ń bọ̀. Obìnrin ilé ìtọ́jú ló kọ́ mi pé kí n fi tíṣù tí kò lóòórùn kan sí àyà lábẹ́ ṣẹ́ẹ̀tì nígbà tí mo bá ń ṣiṣẹ́, kí n fà á ya, kí n sì fi í sí ìkángun àgò tó jìnnà sí ìtẹ́ rẹ̀. Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Fún ìgbà díẹ̀, ó kàn ń rìn yí i ká ni, yóò gbóòórùn rẹ̀, yóò sá. Lóru kan, mo wà níbẹ̀, ó dé ibi tí tíṣù náà wà, ó dúró, mùsítáàṣì rẹ̀ ń gbọ̀n, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ méjèèjì rọ́ ọ sínú àpò ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó ń rọ́ ọ, ó ń rọ́ ọ, títí orí rẹ̀ fi fẹ̀ ju ara rẹ̀ lọ. Ó gbé e wọ inú ìtẹ́. Láti òru yẹn, orí òórùn mi ló ń sùn. Mo gbà pé níbẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ti yí padà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sẹ́ni tó tíì fọwọ́ kàn án.

Ọ̀rọ̀ òórùn náà ní wàhálà tirẹ̀ nílé Yorùbá. Àbúrò ìyàwó mi wá kí wa, ó jẹ ẹ̀bà àti ẹ̀fọ́ tí ẹja gbígbẹ pọ̀ nínú rẹ̀, ó fi omi ṣan ọwọ́ bí a ṣe ń ṣe, ó na ìka sí Tọ́fì láti ẹnu àgò. Tọ́fì kò bínú, kò halẹ̀. Ó rìn wá jẹ́jẹ́, ó gbóòórùn ìka náà, ó fi eyín ìwájú rẹ̀ tọ́ ọ wò. Eyín yẹn ń gùn sí i títí ọjọ́ ayé rẹ̀ ni, ó sì mú. Àbúrò mi fò sókè. Ẹja ni Tọ́fì gbóòórùn rẹ̀, ẹja ló sì fẹ́ jẹ. Irú gígéjẹ yìí yàtọ̀ sí ti ẹ̀rù. Ti ẹ̀rù máa ń yá kánkán, ó máa ń jinlẹ̀, etí á ti lẹ̀ mọ́ orí kó tó ṣẹlẹ̀. Ti oúnjẹ máa ń rọra bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí kò mọ ìyàtọ̀ méjèèjì yóò máa pe ẹranko ní òǹrorò nígbà tó jẹ́ pé ọṣẹ ni òun nílò. Ọṣẹ tí kò lóòórùn ni kẹ́ ẹ lò, torí èyí tó ń ta sánsán náà lè mú kó tọ́ ọ wò.

Nígbà tó yá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ ọwọ́ mi sílẹ̀ nínú àgò, láti ẹ̀gbẹ́, àtẹ́lẹwọ́ sókè, pẹ̀lú hóró èso elégédé kan láàárín rẹ̀. Ọwọ́ náà kò gbọ́dọ̀ lé e, kò gbọ́dọ̀ dì mọ́ ọn. Yóò dúró síbẹ̀ bí ìtì igi ni. Tọ́fì yóò yọrí, yóò na ọrùn, yóò já èso náà gbà, yóò sì sá wọlé. Táyé kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ báyìí: «Ó gbà, ó sá.» Ọ̀rọ̀ méjì yẹn ló kún ojú ìwé fún ìgbà pípẹ́.

Ìgbà yẹn ni Màmá, ìyá ìyàwó mi, dé láti Abẹ́òkúta. A ti sọ fún wọn lórí fóònù pé a ní ẹran ọ̀sìn kékeré kan, wọ́n ti rò pé ehoro ni. Wọ́n dìde lóru láti mu omi.

«Bàbá Ìbejì! Ẹ dìde o! Èkúté wọ ilé yín!»

Mo ní, «Màmá, ẹ má bínú, tiwa ni. Àwọn ọmọ ló ni ín.»

Wọ́n wò mí, wọ́n wo àgò, wọ́n wo kẹ̀kẹ́ tí Tọ́fì ń sá lórí rẹ̀. «Èyí tí à ń wá májèlé fún nílé lẹ wá ra kẹ̀kẹ́ fún?»

Lẹ́yìn náà ni Kẹ́hìndé mú ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan wá sílé lẹ́yìn ìwé. Ó fẹ́ fi Tọ́fì hàn án. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni, Tọ́fì wà nínú oorun àárín ọ̀gànjọ́ tirẹ̀. Kẹ́hìndé ṣí ilé pákó, ó ki ọwọ́ bọ ìtẹ́. Eyín wọlé dé eegun ìka. Kẹ́hìndé ju ọwọ́, Tọ́fì bọ́ sórí bébà, a dúpẹ́ pé kò jìn. Ẹkún gba ilé kan. Màmá fọ ọgbẹ́ náà pẹ̀lú ọṣẹ àti omi, wọ́n dì í, wọ́n sì wá bá Tọ́fì lójú àgò, wọ́n ní: «Òkété, báyìí nìwà rẹ, o bá Ifá mulẹ̀, o da Ifá.» Ìyá ìjọ ni Màmá o, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí inú bá bí wọn, òwe tó bá yẹ ni wọ́n ń lò.

Mi ò gbà pé Tọ́fì da ẹnikẹ́ni. Kò tíì bá Kẹ́hìndé mulẹ̀ rárá. Òórùn tèmi ló mọ̀, òru ló mọ̀, àtẹ́lẹwọ́ tó wà nílẹ̀ ló mọ̀. Ọwọ́ kékeré tó ti òkè wá lọ́sàn-án, ilé àná rẹ̀ ló rán an létí. Lóru ọjọ́ yẹn, ó tún padà sí dídùbúlẹ̀ gbalaja pẹ̀lú igbe. Gbogbo èyí tí a ti kọ́, a tún un bẹ̀rẹ̀ láti ibi tíṣù. Ó yá ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Òwe Màmá ló mú mi sọ ìtàn Magawa fún wọn. Ní Tanzania, ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ APOPO ń kọ́ àwọn òkété ńlá, ìbátan òkété tiwa gan-an, láti máa gbóòórùn bọ́ǹbù tí wọ́n rì mọ́lẹ̀. Magawa ni wọ́n rán lọ sí Cambodia, ó wá bọ́ǹbù abẹ́ ilẹ̀ 71 rí kó tó fẹ̀yìn tì, kò sì sí èyí tó bú mọ́ ọn lẹ́sẹ̀ torí ara òkété fúyẹ́. Ní 2020, ẹgbẹ́ PDSA tó ń tọ́jú ẹranko nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí fi àmì ẹ̀yẹ góòlù kọ́ ọ lọ́rùn. Láti kékeré ni wọ́n ti ń gbé wọn mọ́ra kí ara wọn lè mọ èèyàn, lẹ́yìn náà ni wọn yóò wá fi ohun kan tó ń dún kọ́ wọn: bó bá ti dún, oúnjẹ dé. Kò sí pàṣán níbẹ̀. Màmá gbọ́ ọ títí, wọ́n ní, «Ó dáa. Tó bá wá fẹ̀yìn tì tán, ta ló jẹ ẹ́?» Mo ní kò sẹ́ni tó jẹ ẹ́, ikú ara rẹ̀ ló kú ní 2022. Wọ́n mi orí.

Ṣùgbọ́n ohun tó ń dún yẹn wúlò fún mi. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ta ahọ́n mọ́ àjà ẹnu kí n tó fi oúnjẹ sílẹ̀, bí a ṣe ń pe adìẹ. Láìpẹ́, bí mo bá ti wọlé tí mo ta ahọ́n, Tọ́fì á ti yọ imú. Màmá náà bẹ̀rẹ̀ sí í ta á, wọn kò mọ̀ pé mo rí wọn. Wọ́n tilẹ̀ fẹ́ fún un ní iyán. Mo bẹ̀ wọ́n: ohun tó bá ń lẹ̀ lè há sínú àpò ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, kó má lè tú u jáde. Àlùbọ́sà kò gbọ́dọ̀ dé ẹnu rẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni ọsàn àti ṣokoléètì. Kùkúńbà tín-ín-rín, káróòtì díẹ̀, ẹ̀pà tí kò níyọ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ìyẹn kò burú.

Ibi tí ọwọ́ ti yá ni balùwẹ̀. A nu ọpọ́n ìwẹ̀ gígùn gbẹ, a tẹ́ táwẹ̀lì sí i, a di ihò omi, mo wọ inú rẹ̀ jókòó tòun ti sòkòtò. Mi ò fi ọwọ́ gbé Tọ́fì débẹ̀: mo gbé ife kan sílẹ̀ nínú àgò, ó wọ inú rẹ̀ fúnra rẹ̀ nítorí èso, mo sì gbé ife náà. Nínú ọpọ́n yẹn, kò sí ibi tó lè sá gbà, kò sì sí ẹni tó ń lé e. Òkè kan ni mo jẹ́ láàárín pápá rẹ̀. Ó rìn yí mi ká, ó gun bàtà, ó gun orúnkún, ó sọ̀ kalẹ̀, ó tún gùn. Níkẹyìn ó gun àtẹ́lẹwọ́ mi. Kò wúwo ju ọṣẹ ìwẹ̀ tuntun kan lọ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ tutù, mo sì mọ èyí tí ìka kò pé lára rẹ̀ láìwò ó, torí pé ó máa ń fi ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ yẹn tẹ̀ mí. Ó mú èso elégédé. Mo retí kó rọ́ ọ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ kó sì sá. Ó jókòó lórí ìdí rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì mú èso náà nàró, ó gé etí rẹ̀ yí ká, ó bó èèpo dànù sí ọrùn ọwọ́ mi, ó jẹ ẹ́ tán níbẹ̀.

Tó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ mọ̀ bóyá hamster ti gbà yín gbọ́, ẹ má wo bóyá ó ń gba oúnjẹ. Èyí tí ebi ń pa yóò gba oúnjẹ lọ́wọ́ ológbò. Ẹ wo ibi tó ti ń jẹ ẹ́. Ẹran tí àwọn mìíràn ń pa jẹ kì í jókòó jẹun ní ibi tí wọ́n ti lè pa á. Ohun tí Tọ́fì fún mi lóru yẹn kò ju ìyẹn lọ: ó ti yọ mí kúrò nínú iye ohun tó lè pa á. Àwọn kan máa ń sọ pé hamster àwọn fẹ́ràn àwọn, ó ń ṣàárò àwọn. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ nílé tiwọn. Tọ́fì kò ṣàárò ẹnikẹ́ni, àárò àgò rẹ̀ ló ń sọ ọ́ bó bá ti pẹ́ níta. Mi ò rí èyí bí àbùkù, èmi náà mọ bó ṣe ń rí kéèyàn fẹ́ padà sílé rẹ̀.

Àwọn ọmọ náà rí ipa tiwọn. Nígbà òtútù, tí ilẹ̀ ń ṣú ní aago mẹ́rin, Tọ́fì máa ń yọ jáde kí wọ́n tó lọ sùn. Wọ́n ń fi páálí kọ́ ọ̀nà kọ́lọkọ̀lọ fún un, wọ́n ń fi oúnjẹ pamọ́ síbẹ̀, Táyé ń wọ̀n ọ́n lórí òṣùwọ̀n kíṣíìnì nínú ife kan náà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Kẹ́hìndé ló pẹ́ jù kó tó lè tẹ́ ọwọ́ sílẹ̀ láìgbọ̀n. Mi ò ti í sí i, ọgbẹ́ yẹn dùn ún. Inú òtútù yẹn náà la fi owó gáàsì bá ara wa ṣọ̀rọ̀, torí pé hamster tí ilé bá tutù jù fún lè sun oorun kan tó dà bí ikú, ara rẹ̀ á tutù, èémí rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí. Wọ́n ti sin àwọn mìíràn bẹ́ẹ̀ láìkú. Yàrá ibẹ̀ kò gbọ́dọ̀ tutù ju ìwọ̀n 18 Sẹ́líṣíọ̀sì lọ, mo san owó rẹ̀.

Èrè gbogbo sùúrù yìí hàn nígbà tí ojú Tọ́fì kan lẹ̀ pọ̀, tí kò lè ṣí i. Ẹ fojú inú wo hamster ọjọ́ àkọ́kọ́, tí ẹ fẹ́ fi nǹkan nu ojú rẹ̀. Èyí jókòó lórí ẹsẹ̀ Ìyá Ìbejì, ìyẹn sì fi òwú tí a rì bọ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ nu ún díẹ̀díẹ̀ títí ìpẹ́ ojú fi ṣí. Dókítà ẹranko fún wa ní oògùn ojú, ó sì yà á lẹ́nu pé kò sẹ́ni tó nílò ìbọ̀wọ́ láti di Tọ́fì mú. Ó yẹ eyín rẹ̀ wò, ó yẹ ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀ wò, ó fọwọ́ wá kókó lára ikùn rẹ̀, kò rí nǹkan kan. Ó ní kí a má gbàgbé pé ọdún méjì sí mẹ́ta ni wọ́n ń lò láyé. Àwọn ọmọ wà níbẹ̀, wọ́n gbọ́ ọ. Táyé bi í pé ọdún mélòó ni Tọ́fì ti lò, dókítà dá a lóhùn bó ṣe rí.

Màmá ti padà sí Abẹ́òkúta. Ní Oṣù Kejìlá, àwa náà ń lọ kí wọn, Tọ́fì kò sì lè bá wa lọ. Nínú ìwé tí a fọwọ́ sí, a kò gbọ́dọ̀ gbé e fún ẹlòmíràn láìsọ fún ilé ìtọ́jú, nítorí náà mo pè wọ́n, wọ́n ní ẹni tó bá ń wá fún un lóúnjẹ nílé tiwa kò ní wàhálà. Ìyá ará Gánà tó wà lájà kejì ló gbà láti ṣe é. Mo lẹ ìwé mọ́ fíríìjì fún un: aago mẹ́sàn-án alẹ́ ni kó máa wá, kì í ṣe ọ̀sán, kó fi ọṣẹ tó wà níbẹ̀ fọwọ́, kó yí omi padà, kó má pa ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná, nọ́ńbà dókítà ẹranko nìyí. Ó bi mí bóyá òun lè gbé e mọ́ra. Mo ní kó má tíì dán an wò. Ó ti wá jókòó ti àgò náà láwọn alẹ́ kan kó tó di pé a lọ, ó tẹ́ ọwọ́ sílẹ̀ bí Kẹ́hìndé ṣe fi hàn án, pẹ̀lú èso elégédé. Tọ́fì gbà á, ó sá. Fún ìwọ̀nba ọ̀sẹ̀ tí a ó lò nílé, ìyẹn tó.